Ọ̀sẹ̀ kan ní Èkìtì pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì nínú búùtù

Ọjọ́ Àìkú

A kúrò n'Ìbàdàn kí oòrùn tó mú. Àbúrò mi ló wa ọkọ̀, èmi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú búùtù, a ti fi kúbùsù wé 3D printer, ẹ̀rọ tó ń fi ike tẹ nǹkan jáde, bí ọmọ ìkókó. CNC kékeré, ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní 3018 torí pé ibi tó lè gbẹ́ kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà sí 18 lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọnà n'Ìkẹ́rẹ́ ló ránṣẹ́ pè wá. Ó fẹ́ kó gbẹ́nàgbẹ́nà, amọ̀kòkò àti àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jọ sójú kan, ká wo ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde. Èmi ti mọ ohun tó máa jáde kí n tó kúrò nílé, àbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ á ṣe iṣẹ́ líle, ọwọ́ á ṣe iṣẹ́ ẹlẹgẹ́. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fẹ́ kà fún wọn.

Ifẹ̀, Iléṣà, lẹ́yìn náà ni òkè bẹ̀rẹ̀. Ní oríta Ìtawúré, níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ti yà, a dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ní nǹkan bí 1873, kó tó di Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ó ní ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí pọ́n tó báyìí.

Aramọkọ, Ìgèdè, Ìyìn, Adó. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìkẹ́rẹ́, àpáta Olósùnta sì dúró gbàgìdì lókè ìlú. Iyán lóúnjẹ alẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ajé

Ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ló wá, àti gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe káfíńtà. Àwọn amọ̀kòkò ò wá. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn kó wá sí Ìsàn, àwọn ò lè gbé amọ̀ rìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo tan printer, mo ní kó tẹ òrùka kékeré kan. Okùn ike ń wọlé látòkè, ẹnu rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 205 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó ń yọ́ ọ, ó ń fà á sílẹ̀ tínínntín, ìpele kan lórí èkejì. Ìpele márùn-ún ló ń pé mílímítà kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fídíò. Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Ta ló ń rán an níṣẹ́?"

Mo ṣí fáìlì náà, mo túmọ̀ ìlà díẹ̀ fún un: lọ sọ́tùn-ún mílímítà mẹ́wàá, sọ̀kalẹ̀ kan, padà sósì.

"A jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ tí ò ní làákàyè ni. Bí ẹ bá ní kó ki ọwọ́ bọ iná, á kì í."

Àlàyé tí mo ti ń wá láti ọdún yìí rèé. Láti 1952 tí wọ́n ti gbé irú ẹ̀rọ agbẹ́nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde ní MIT l'Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ihò ara bébà ni wọ́n fi ń rán an níṣẹ́, ìwà rẹ̀ ò tíì yí padà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ bi mí pé báwo ni nǹkan tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un ṣe di ohun tí èèyàn ń gbé sínú búùtù. Mo ní ọ̀rọ̀ oníhun ni. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yíyọ́ ike ní ìpele-ìpele. Nígbà tó di 2009, ọjọ́ pé lórí ẹ̀tọ́ náà. Àwọn tó ti ń ṣe tiwọn láti 2005 ní Yunifásítì Bath, tí wọ́n ń pín àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́, wá rọ́nà lọ. Bí ìròyìn ayọ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo yọ fóònù láti ya àwòrán pátákó ọnà kan tí Bàbá gbé wá, obìnrin tó kúnlẹ̀ gbé abọ́ dání. Tí a bá ya nǹkan yípo, àwòrán ọgọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà lè fi wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó ní gíga, ìbú àti jíjìn. Bàbá na ọwọ́ lé pátákó náà.

"Dúró ná, ọmọ mi. O ní oníhun lẹ́ẹ̀kan."

Ló bá sọ tirẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá kí i, ó ra ère kékeré kan, ó ya òmíràn ní fọ́tò yípo, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tó yá, ọmọ Bàbá rí ère náà l'Ékòó, wọ́n ti fi rẹ́sìnì dà á, ó pọ̀ lórí tábìlì bí ọṣẹ. Báwo ló ṣe mọ̀ pé tiwọn ni? Etí òsì ère náà kò pé. Ọ̀bẹ ló yọ̀ lọ́wọ́ Bàbá lọ́jọ́ tó ń gbẹ́ ẹ, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ère orí tábìlì yẹn ni etí òsì wọn kò pé.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la lò lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ kankan ò sì ṣiṣẹ́. Ìwé ẹṣásáìsì la fi kọ àdéhùn wa: fáìlì iṣẹ́ Bàbá yóò wà lórí mẹ́mọ́rì kàádì tí ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú, èmi yóò pa tèmi rẹ́ lójú wọn kí n tó lọ, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi gbẹ́ ohun títà, owó ìpín ni kó kọ́kọ́ sọ. A buwọ́ lù ú, títí kan àbúrò mi tí kò mọ ohun tó ń lọ. Mo ti ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ìlú mẹ́rin ṣáájú, ojú sì tì mí díẹ̀ pé n kò ronú kan ìwé ẹṣásáìsì rí.

Pátákó náà ń dán torí epo tí wọ́n ti fi pa á láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun dúdú tó ń dán sì máa ń da kọ̀ǹpútà lójú rú, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń kọ yẹ̀rì ń yí bí fóònù bá ti ń yí. Bàbá ní ká fi ẹfun pa á. A lọ̀ ọ́ kúnná, a fọ́n ọn sí i, a gbé e sábẹ́ òjìji, a ya àwòrán 84. Nígbà tí a ṣe tán, ó fi ìrù ẹran gbọn ẹfun náà kúrò, kò ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Bàbá gbé igi ọmọ wá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni, ó ṣì tutù. Igi tútù ni gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ àáké. Ẹ̀rọ ò fẹ́ ẹ. Irin tí ẹ̀rọ wa fi ń gbẹ́ igi ò nípọn ju mílímítà mẹ́ta lọ, ó ń yí bí òòyì, kò sì gé igi tútù náà, ńṣe ló ń fà á ya. Ojú iṣẹ́ hu irun bí awọ ewúrẹ́, èérún rẹ̀ ò fò dànù, ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí mo pa á. Ọmọ Bàbá lọ mú arère gbígbẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Bí a ṣe ń dúró dè é ni Bàbá ń ka ìpele iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Lílé ni àkọ́kọ́, àáké ló ń ṣe é, kí orí wá síbi tí orí máa wà, kí ikùn wá síbi tirẹ̀. Àlétúnlé tẹ̀lé e, ojú, etí, ìka á yọ lára odindi. Dídán, kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, irun orí, ìlà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.

Mo yára sọ tèmi: "Bàbá, lílé yẹn gan-an ni ẹ̀rọ máa gbà lọ́wọ́ yín, òun ló le jù."

Ó wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ jẹun. "Ta ní ń fi lílé lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́? Ọmọ iṣẹ́ lè dán. Èyí tó bá ti pẹ́ lè ṣe àlétúnlé. Lílé, ọ̀gá ni. Bí lílé bá ti wọ́, kò sí bí wọ́n ṣe máa fín in tó máa tọ́."

Mo yọ ìwé tí mo kọ nílé, mo fi bírò fa ìlà sórí gbólóhùn kan.

A gbé arère lé ẹ̀rọ pẹ̀lú fáìlì obìnrin tó kúnlẹ̀. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ló yẹ kó lò fún gbígbẹ́ àkọ́kọ́ nìkan. Ní nǹkan bíi wákàtí méjì, iná lọ. Bí iná ṣe dé, ẹ̀rọ ò mọ ibi tó wà mọ́, èmi ni mo fi ojú wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fún un, mo sì fi mílímítà méjì ṣì í. Ó gbẹ́ ìyókù bẹ́ẹ̀. Àkàsọ̀ kan wá là á já láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ojú kan ga ju èkejì lọ. Mo béèrè bóyá a lè fi ọ̀bẹ tún un ṣe.

"Ẹ fi dáná," ni Bàbá wí. Ìyá tó ń se ẹ̀wà fún wa lẹ́yìn gbọ̀ngàn gbà á, ó dúpẹ́.

A fi jẹnẹrétọ̀ ṣe èkejì. Èyí parí. Bàbá gbé e lé orókùn, ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò rìn lórí rẹ̀ láti iwájú orí wá sílẹ̀. Àtàǹpàkò dúró nídìí imú. Ó tún un rìn, ó tún dúró síbẹ̀. Igi ti ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀, èèyàn ò lè fi ojú rí i dáadáa. Ó yí pátákó náà po, ó ti apá kejì fi ọ̀bẹ wọ ibẹ̀, èérún kan ká jáde gígùn, tínrín bí awọ àlùbọ́sà, ara ibẹ̀ sì jọ̀lọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọ̀nà kan náà ló ń gbà wọlé látòkè dé ìsàlẹ̀. Igi ní ibi tó kọjú sí."

Lálẹ́, a sọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀ débi pé iyán tutù. Ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Ògògà kò gbà láti tà á. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe, wọ́n fi ìjókòó ọba tí wọ́n kàn ní ìlú Òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Bí èèyàn bá wo àwòrán ìlẹ̀kùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ère yọ jáde kúrò lára pátákó bí ẹni fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ọ̀bẹ ti wọ ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀rọ tèmi ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Òkè nìkan ló ti ń sọ̀kalẹ̀, kò lè tẹ̀ wọ abẹ́ àgbọ̀n ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n tó pè wá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Ọlọ́wẹ̀ ni mo wá bá díje ni.

Ọjọ́rú

Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló sọ ọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó sọ ọ́: "Àǹtí, ṣé dandan ni ká máa ya iṣẹ́ tó ti parí? Ṣé Bàbá ò lè lé tiwọn fún wa, ká ya lílé yẹn?"

Bàbá ní ta lọmọ yìí.

Igi ọmọ tútù tí ẹ̀rọ kọ̀ lánàá ló fi ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi àáké sọ ọ́ nígbà mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, kò wọn nǹkan kan. Mo wo aago: ìṣẹ́jú márùndínlógójì, obìnrin tó kúnlẹ̀ ti wà níbẹ̀, láìlójú, láìlẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí pé wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ bèèrè.

Fọ́tò rẹ̀ rọrùn. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá kì í dán, ojú àáké orí rẹ̀ sì yàtọ̀ síra wọn, kọ̀ǹpútà rí ibi tó máa dì mú. Ẹfun ò sí níbẹ̀. Ọ̀sán la fi sí i, aago mẹ́rin ẹ̀dà rẹ̀ ti jáde lójú kọ̀ǹpútà, ojú àáké kọ̀ọ̀kan ṣe kedere, Bàbá sì ń ka wọ́n pẹ̀lú ìka lórí síkírìnì: "Èyí ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe àṣìṣe." A fi irin tó nípọn díẹ̀ sí i dín àkókò kù sí wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Jẹnẹrétọ̀ wa mu epo bí ọ̀mùtí.

Ọjọ́bọ̀

A fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ méjì, a gba Ìsàn lọ. Mo kó rólà mẹ́fà dání tí printer tẹ̀ mọ́jú, kí àwọn amọ̀kòkò lè yí i lórí amọ̀ kó tẹ ọnà sí i. Rólà ike ni, ó gùn tó ìka ọwọ́, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, àwọn ọ̀dọ́ ló ya ọnà ara rẹ̀. Mo tò wọ́n sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí wọ́n má baà ra.

Ìwọ̀rọ̀kọ̀, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́. A dúró l'Ọ̀yẹ́ torí èmi. Níbẹ̀ ni Fadá Kevin Carroll ṣí ibi iṣẹ́ ọnà sí láti 1947 dé 1954. Bándélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Bándélé sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Ìtàn Bíbélì ni fadá gbé síwájú wọn, wọ́n sì gbẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ nǹkan. Mo fẹ́ kàn rìn ní ìlú náà díẹ̀ ni. A rìn, a jẹ ìrẹsì, a mu omi tútù, ó tó wákàtí kan.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, rólà márùn-ún ti tẹ̀. PLA ni ike náà, bí ooru bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 60 ni ara rẹ̀ ń rọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n pa gíláàsì rẹ̀ dé lójú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn sì ń dé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Méjì ti wọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, méjì ti lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan ti rí bí ẹyin. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Ìsàn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́.

Màmá amọ̀kòkò tí a wá rí ní ká wọ ulé. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ "ulé". Ìyá tó bí ìyá mi kì í sọ pé ilé. Lẹ́yìn ulé náà ni iṣẹ́ wà. Ó dojú ògbólógbòó ìkòkò kan délẹ̀, ó ń fi amọ̀ lù ú lẹ́yìn kó lè gba bátànì rẹ̀, nígbà tí ìdajì bá sì ti gbẹ díẹ̀, yóò yí i padà, yóò máa fi amọ̀ rògbòdò kọ́ ọ sókè. Kò sí ohun tó ń yí. Òun ló ń yí ìkòkò ká, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nínú, òsì níta. Ṣùkù àgbàdo ló fi ń ṣe ọnà ọrùn orù, ó ń yí i gbirigbiri lórí amọ̀ tútù.

Mo fún un ní rólà kan ṣoṣo tó ṣì tọ́. Ó lẹ̀ mọ́ amọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fa odindi ègé kan ya lára ìkòkò. Màmá tún ibẹ̀ tẹ̀, ó ti rólà bọ eérú, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un yí. Lọ́tẹ̀ yìí ó jáde, ṣùgbọ́n ihò ọnà tóóró kún fún amọ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ ya wọ́n ní mílímítà kan. Ibi tó jẹ́ mẹ́ta, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀, mọ́ tónítóní. Mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Màmá wo ọnà náà yípo ọrùn ìkòkò.

"Ó ti tún padà dé," ó ní, ó nawọ́ sí i. "Ó tún padà. Ó tún padà. Bí agogo sùkúù."

Òótọ́ ni. Rólà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, kò rìn tó mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀ ọnà kan náà. Ó bi mí bóyá mo lè ṣe èyí tí kò ní tètè padà. Mo ní tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, á rìn ní ìlọ́po méjì. Ó ní kí n ṣe é. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn yòókù nínú àpò mi.

"Èyí ń kọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, oòrùn ló bà wọ́n jẹ́."

Kò dáhùn. Ó mú èyí tó rí bí ẹyin, ó tì í bọ eérú, ó yí i. Ibi tó yọ yẹn wọlé jìn, ibi tó tẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan amọ̀, ọnà ń hàn, ó ń sá, ó ń hàn, ó ń rìn bí ẹni tó ń tiro. Ó yí ìkòkò náà ká ní ẹ̀yìn-ẹ̀yìn títí ó fi kan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi rólà náà sínú igbá rẹ̀, láàárín ṣùkù àgbàdo àti àfọ́kù igbá tó fi ń dán ìkòkò, kò sì dá a padà fún mi.

Ìkòkò náà ò ní ṣeé sun fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kó gbẹ ná.

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀dà lílé mẹ́rin ti wà lórí tábìlì nígbà tí a wọlé, ọ̀kan náà ni wọ́n, ojú àáké kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Àkàsọ̀ kékeré kan wà lára ìkẹta; iná tún ti lọ, àwọn ọmọ náà sì ti fi ìlà pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tàn án, ohun tí èmi ò ṣe.

Ọ̀dọ́ mẹ́rin gbà á. Títí di ìrọ̀lẹ́, ìró ọ̀bẹ nìkan ni. Bàbá ń rìn láàárín wọn, ó ń yí igi po lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gbẹ́ ẹ lódì. Wọn ò tíì fín in, ara rẹ̀ ò tíì dán, ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́rin ti ń yàtọ̀ síra wọn: ọ̀kan bínú, ọ̀kan ti sùn lọ, èyí tí ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ń gbẹ́ gbé orí sókè ju bí lílé Bàbá ṣe wí lọ. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́, kò sọ pé kó dáwọ́ dúró.

Mo pa fáìlì rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi lójú wọn. Ọmọ Bàbá ka orúkọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé ẹṣásáìsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọ̀nà dára ju bí a ṣe wá lọ, tàbí a ti mọ ibi tí kòtò wà. A ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìtawúré. Ó pọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Ọmọ Màmá pè láti Ìsàn. Wọ́n ti sun ìkòkò, orù méjì là, èyí tí rólà tó tọ́ ṣe wà nínú wọn, ṣùgbọ́n Màmá ní amọ̀ ló fa ìyẹn, kì í ṣe rólà. Ẹni tó wá ra orù ní Ọjọ́ Ajé ló gbé èyí tó ń tiro lọ. Màmá fẹ́ rólà méjì sí i, kí wọ́n fẹ̀ ní ìlọ́po méjì bí a ṣe sọ, kí n sì gbé wọn sójú oòrùn kí n tó kó wọn wá.